Ẹsẹ̀ Ọmọ Inú Fíìmù Kérésìmesì

Màmá Gìrìgìrì ni wọ́n ń pè é níléeṣẹ́ fíìmù. Òun ló máa ń fi ìró sí ohun tí ojú rí tí etí ò gbọ́: ilẹ̀kùn, òjò, pàápàá jù lọ ẹsẹ̀. Ẹ má rò pé ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn nínú fíìmù ló ń dún o. Inú yàrá tí kò ní fèrèsé ni obìnrin yìí máa ń jókòó sí, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ bàtà, á tẹjú mọ́ àwòrán, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa rìn.

Lọ́dún kan, wọ́n gbé fíìmù ìdílé kan wá. Ọmọbìnrin kékeré kan jí lóru Kérésìmesì, ó rí i pé ìràwọ̀ orí igi Kérésì ti sá jáde, ló bá tẹ̀ lé e wọ ìlú tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀, tí yìnyín sì bo gbogbo ilẹ̀. Màmá Gìrìgìrì di sítáàṣì gbígbẹ sínú àpò, torí béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dún bíi yìnyín. Ó wá ku bàtà ọmọdé.

Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló ni ín. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà kúrú díẹ̀, ni bàbá rẹ̀, tó ń ṣe bàtà tà, bá fi awọ kún ìsàlẹ̀ ti òsì. Ọmọ ṣì ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń sáré kiri ilé. Bàtà ò tíì gbó tí àìsàn fi mú un lọ.

Láti ìgbà náà ni bàbá ò ti dárúkọ ọmọ mọ́. Ìyàwó tó máa ń fi orúkọ ọmọ pè tẹ́lẹ̀, Màmá Gìrìgìrì lòun náà ń pè é báyìí, bí ará ìta. Ọ̀rọ̀ náà ń dun obìnrin yìí dé egungun, torí ó dà bíi pé kò bímọ rí.

Ó ki ọwọ́ bọ bàtà náà, ó ṣiṣẹ́ títí ó fi parí. Olùdarí fíìmù, ọmọkùnrin tó lè bí lọ́mọ, gbọ́ ọ, ó họrí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ọmọ yìí mà ń tiro."

"Ta ló ń tiro?" Ó fetí sí i fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ. Ojú tì í. Àgbà òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíì níṣẹ́!

Ó fi bàtà mìíràn tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ku ibì kan, níbi tí ọmọ ti jáde tí ilẹ̀kùn sì tì, tó jẹ́ pé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lèèyàn ń gbọ́ bó ṣe ń lọ.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi fi ibí yìí sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọn ò kúkú rí ẹsẹ̀ ẹ̀."

Olùdarí rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. "Kí ló dé, Mà?"

"Bí ọmọ mi ṣe ń rìn nìyẹn."

Ọ̀gá wo bàtà náà pẹ́. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Nígbà tí fíìmù jáde, Màmá Gìrìgìrì fa ọkọ rẹ̀ lọ sí sinimá. Ìyẹn ń kùn lọ́nà: "Èmi àgbàlagbà, kí ni mo fẹ́ fi ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ ṣe?"

"Ẹ ṣáà bá mi lọ."

Nígbà tí wọ́n jókòó, kò pẹ́ tí ọkọ fi ń tòògbé. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn inú fíìmù tì, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lórí yìnyín, ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo. Bàbá jókòó dáadáa. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Bàtà tí mo ṣe nìyẹn."

Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń rẹ́rìn-ín yí wọn ká.

"Ìyá...," ni ọkọ rẹ̀ wí. Lẹ́yìn náà ló fi orúkọ ọmọ wọn kún un.

Ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ìpè náà.