Ọjọ́ tí Jypara Di Ère Níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọdún mọ́kànlá ni Jypara ti fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìmọ̀ jọ́gíráfì nílùú Naryn tó wà láàárín àwọn òkè gíga, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé ọ̀gá iléèwé fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wà ní Finland, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ọpọlọ òun ti fi òun sílẹ̀ lọ.

Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ, ó kí ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kí ará ilé wọn, ó bèèrè bí òtútù ṣe ń ṣe wọ́n sí, ó tọrọ àforíjì pé òun ń fi àkókò wọn ṣòfò, kó tó wá sọ pé ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti tẹ òun lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Èsì dé: "Ó dáa. Máa bá a lọ. Helka."

Jypara ka èsì yìí títí ojú fi ń ro ó. Ó gbé fóònù lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Batma, tí wọ́n ń dín borsok, àkàrà ìyẹ̀fun wọn, ní ilé ìdáná.

"Màmá, ẹni tó bá ní 'Ó dáa' lásán, tí kò kí èèyàn padà, ṣé inú ń bí i ni?"

"Ta lo ṣẹ̀?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ni."

"Kí ló ní kó o ṣe?"

"Wọ́n ní kí n máa bá a lọ."

"Máa bá a lọ nígbà náà! Àbí o fẹ́ kó kọrin fún ọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ ọ́ létí. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́.

Ohun tó yẹ kó kọ gan-an ni kò kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí bí àwọn darandaran ṣe ń pín pápá orí òkè láàárín ara wọn nígbà ooru, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti ní kó ka ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ títí ìwé náà fi dà bí ẹni tó kọlà. Kò yé e. Olùkọ́ tó máa ń pariwo mọ́ ọmọ kíláàsì pé, "Bí kò bá yé ọ, nawọ́ sókè!", òun ló wá ká ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ yìí.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà pé. Ní aago méjì ọ̀sán, ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n Helka yọ lórí kọ̀ǹpútà, obìnrin onírun funfun kúkúrú kan.

"Jypara, ṣé o ti ka ìwé yẹn?"

"Mo ti kà á, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Kí ni ẹni tó kọ ọ́ ń sọ gan-an?"

Ọgbọ́n kan ṣoṣo tó wá sí Jypara lọ́kàn ni èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń ta nígbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé: ó gan pa. Kò ṣẹ́jú, kò mira, ó la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀, kó lè dà bíi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá dúró.

"Jypara? Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ère kò fèsì. Imú ń yún ère, ère fara dà á.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Màmá Batma gbé tíì àti borsok wọlé, wọ́n gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n wá tẹjú mọ́ ọn.

"Ìyàwó mi, kí ló dé tó o lanu sílẹ̀ bí ẹja? Ṣé ebi ni?"

Jypara ò mì. Màmá gbọ̀n ọ́n léjìká, kò mì. Ni wọ́n bá ti borsok kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Gbígbóná ni, àfi kí ère jẹ ẹ́.

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ láti Finland. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín yìí mà ṣàrà o! Ẹnì kan gan, ẹnì kejì ń rìn kiri."

Jypara gbé borsok mì tòun tìtìjú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á, kò yé mi. Mo sì rò pé inú ń bí yín sí mi láti ọjọ́ tí ẹ ti ní 'Ó dáa.'"

"Inú kẹ̀? Mo ní ó dáa nítorí pé ó dáa ni! Ìwé yẹn kì í yé èèyàn bọ̀rọ̀. Orí kejì rẹ̀ ṣì ń fún èmi náà ní wàhálà. Ibo ló ti dàrú mọ́ ọ lójú?"

"Ojú ewé kìíní."

Ojú ewé kìíní náà ni wọ́n jọ fi wákàtí kan tú palẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó máa kọ ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ ní gbogbo Mọ́ńdè: ohun tó ṣe, ibi tó há sí, ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ òun.

"Ìkíni ńkọ́?"

"Kí mi lẹ́ẹ̀kan, ó tó."

Màmá Batma tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. "Ṣé ẹni tó ń bínú nìyí? Ó mà lẹ́yín tó dáa o."

Nígbà tí òjò dídì fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, Jypara ti ka ìwé náà tán, ó sì kọ ọ́ sínú ìlà kejì lẹ́tà Mọ́ńdè pé irọ́ wà níbì kan: ìwé ní kò sí darandaran tó ń yá ẹlòmíì ní pápá láìsí àdéhùn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá òun tó jẹ́ darandaran ń yáni ní pápá tirẹ̀ láìsí àdéhùn kankan. Ó fi ránṣẹ́. Èsì dé kíá: "Bóyá ìwọ lo tọ̀nà. Lọ mú ẹ̀rí wá."

Ó gun òkè lọ bá àwọn darandaran lóṣù kẹfà pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin láti wá ẹ̀rí náà, ẹṣin tó gbé e sì dà á sínú omi lẹ́ẹ̀mejì.