Ẹ̀gbọ́n Tí Ara Rẹ̀ Kò Yá

Èmi ni mo máa ń ka àdúrà àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ìjọ wa ní Atakpamé. Mi ò ní parọ́, ohùn mi dùn, mo sì mọ̀ pé ó dùn. Bí mo bá ti dé ibi "àwọn tí gbogbo ayé ti gbàgbé," mo máa ń jẹ́ kí ohùn náà rọ̀ díẹ̀, àwọn ìyá tó jókòó níwájú á sì máa mi orí. Olùkọ́ ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé sí ènìyàn létí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ni pé àbúrò mi ọkùnrin wà nínú ẹ̀wọ̀n ìlú wa. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá wa ló yàtọ̀, nítorí náà orúkọ ìdílé wa kò jọra. Datcha ló ń gbé, ó ń wa zémí, alùpùpù tó ń gbé èrò. Wọ́n ká alùpùpù tí wọ́n jí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní òun rà á ni, òun kò mọ̀ pé ẹrù olè ni. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n mi ò lọ bi í. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi kò fẹ́ kú, n kò sì fẹ́ ẹ̀sín, mo bá fi ẹnu lásán rán àbúrò mi lọ sí Gàbọ̀n. Ohun tí mo sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí nìyẹn, mo tiẹ̀ máa ń fi kún un pé òjò pọ̀ lọ́hùn-ún.

Lọ́dọọdún, bí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ bá ti fẹ́ wọlé, ọgbà ẹ̀wọ̀n máa ń fún wa ní orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í gbé oúnjẹ wá fún. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹun níbẹ̀, ẹni tí kò bá ní ará tó ń gbé abọ́ wá, ebi ni yóò máa bá a sùn. A ó kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pélébé, a ó dà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, kálukú á mú ọ̀kan. Ẹni tí o bá mú, ìwọ lo máa gbàdúrà fún un, ìwọ lo sì máa se oúnjẹ fún un ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi títí di Àjíǹde.

Èmi ni mo kọ àwọn orúkọ náà ní èṣí, torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Orúkọ àbúrò mi wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ti kọ ti àwọn yòókù. Nígbà tí mo wá ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni mo mú.

Ìyá opó kan tó ń ta epo pupa ló jókòó tì mí. Wọn kò mọ̀wé. Wọ́n na ìwé tiwọn sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi ka tèmi." Mo gbà á, mo ka orúkọ àbúrò mi fún wọn bí ẹni pé òun ló wà nínú rẹ̀, mo dá ìwé tèmi padà fún wọn, mo sì fi tiwọn sínú àpò mi. Wọ́n tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n má baà gbàgbé.

Mo se oúnjẹ dáadáa fún ẹni tó wà nínú ìwé ìyá opó náà, mo máa ń fi ẹja sí i. Ṣùgbọ́n n kì í dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìyá opó yìí náà ni mo ń bẹ̀ kí wọ́n bá mi gbé abọ́ tèmi dání, mo ní ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ń dúró dè mí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, wọ́n dá mi dúró kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tèmi yẹn, ọmọ dáadáa ni. Ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nílùú yìí, àmọ́ ara rẹ̀ kò yá, ìdí nìyẹn tí kò fi lè wá. Jọ̀ọ́, fi ẹ̀gbọ́n náà sínú àdúrà."

Mo lọ síwájú, mo kà á: "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n arákùnrin wa kan tó wà lẹ́wọ̀n, kí Olúwa wò ó sàn." Gbogbo ìjọ dáhùn pé kí Olúwa gbọ́ àdúrà wa. Lọ́jọ́ náà, n kò jẹ́ kí ohùn mi rọ̀ níbì kankan, mo sáré ka èyí tó kù. Nígbà tí a jáde, obìnrin kan di ọwọ́ mi mú, ó ní mo lójú àánú. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀, ó sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Báyìí ni mo ṣe ń ka àdúrà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ìyá opó ní láti lọ sìnkú ní Notsé. Wọ́n gbé abọ́ àyìmólú lé mi lọ́wọ́, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, ata gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán." N kò rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́, mo bá gbé e lọ pẹ̀lú abọ́ tèmi.

Lẹ́nu géètì ẹ̀wọ̀n, oúnjẹ kì í wọlé láìjẹ́ pé ẹni tó gbé e wá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ̀ṣọ́ na ṣíbí sí mi, ó pe àbúrò mi jáde. Mo ṣì ń jẹ ohun tó wà lẹ́nu mi nígbà tó dé ẹ̀yìn irin, ó ti rù, etí rẹ̀ méjèèjì, tó jọ ti ìyá wa, ló kù tó yọ síta.

"Màdáàmù, kí lẹ jẹ́ sí i?" ni ẹ̀ṣọ́ bi mí.

"Ará ìjọ ni mí," ni mo wí.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi kò tilẹ̀ júwe rẹ̀ rárá, àbúrò mi sì gbọ́. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tó ń kí àlejò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́.

"Ẹ ṣeun, ìyá ìjọ. Olúwa á san án fún yín." Ẹ̀ṣọ́ dúró tì wá, ó ń gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ara rẹ̀ ti ń yá?"

"Kò tíì yá," ni mo dá a lóhùn.

Ó mi orí. Ó ní òun kò ní dẹ́kun àdúrà fún un.