Èbù Ìyá Wa àti Orúkọ Bọ̀ọ̀dá Fọlárìn ní Ìjù

Yéè! Bọ̀ọ̀dá Fọlárìn, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ ti lọ? Ó dàárọ̀ o, ó dojú àlá. Akínfọlárìn, ọmọ Oǹdó, ọ̀mọ̀wé tí ń wá ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí, ọkùnrin tí ń bi ilẹ̀ ní ìbéèrè tí ilẹ̀ ń dá a lóhùn! Wọ́n ní kí èmi Akínsọlá, àbúrò yín, kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìsìnkú yín yìí. Mo ní ṣé wọ́n gbàgbé pé àgbẹ̀ ni mí ni, pé ọkọ́ ni mo mọ̀ ọ́n mú, kì í ṣe bíírò? Ìyàwó yín ní kí n ṣáà kọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi wúwo o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé ẹ̀yin náà kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa fajú ro.

Ṣé ẹ rántí asẹ́ ògì Ìyá wa? Ìgbà náà ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì ní Àkúrẹ́. Ẹ wá sílé ní Oǹdó lópin ọ̀sẹ̀, ẹ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ gbé asẹ́ tí Ìyá fi ń sẹ́ ògì, ẹ tẹ́ bébà ìnuwọ́ sínú rẹ̀, ẹ bu erùpẹ̀ ìdí iṣu lé e, ẹ wá gbé gbogbo rẹ̀ ka inú abọ́ omi. Ẹ ní tí ilẹ̀ bá mọ́, aràn inú erùpẹ̀ náà á ti gba inú bébà kọjá, wọn á ti rì sísàlẹ̀ omi. Ilẹ̀ mọ́, Ìyá wo abọ́, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Fọlárìn, ṣé torí omi lásán lo ṣe ba asẹ́ mi jẹ́?" Ẹ bu ẹ̀kán omi kan síbi ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ẹ ní kí ó wá wò ó. Ó fi ojú kan síbẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Bí Ìyá ṣe gbé asẹ́ sọ sínú igbó nìyẹn. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi ògì kan ẹnu.

Àwọn aràn yẹn ni ẹ fi gbogbo ayé yín lé kiri. Ẹyọ irun orí nípọn jù wọ́n lọ, ojú lásán kò sì lè rí wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wọ inú iṣu, abẹ́ èèpo á dúdú, á gbẹ, iṣu á máa là, á sì jẹrà mọ́ olóko lọ́wọ́ nínú àká. Àwọn àgbẹ̀ sọ yín ní Dókítà Aràn, ẹ sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ní Ọjà Ọba, tí àwọn oníṣu bá ti rí yín lókèèrè, wọ́n á fi aṣọ bo iṣu wọn, torí pé èékánná yín kì í sinmi, ẹ ó ti fi ha èèpo iṣu oníṣu kí ẹ tó béèrè iye tó jẹ́. Tí wọ́n bá ń bú yín, ẹ ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Mo kàn ń kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni."

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. N kò rí ọjọ́ kan tí ẹ jáde nínú oko láìfọ bàtà yín. Kẹ́ẹ̀gì omi àti búrọ́ọ̀ṣì kì í kúrò nínú búùtù ọkọ̀ yín. Ẹ ó fọ bàtà, ẹ ó fọ irin tí ẹ fi ń gún ilẹ̀, ẹ ó fọ ọwọ́, oòrùn ì báà máa sun yín lórí. Èmi a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà yín mọ́ ju ti pásítọ̀ lọ. Ẹ ó ní, "Sọlá, ẹsẹ̀ ènìyàn ni aràn fi ń rìn. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti èbù."

Níbi èbù yìí ni ẹ̀rín mi parí sí.

Nígbà tí Ìyá wa papòdà, èbù iṣu rẹ̀ wà nínú àká. Ẹni tó bá mọ Ìyá wa mọ èbù yẹn. Ìyá rẹ̀ ló fún un nígbà tó ń lọ ilé ọkọ, ó sì ti ń gbìn ín láti ọdún dé ọdún. Ẹ wá láti Àkúrẹ́, ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi èékánná ha á. Ojú yín yí padà. Ẹ mú òmíràn, ẹ mú òmíràn. Ẹ jókòó sórí àpótí Ìyá, ẹ ní, "Sọlá, aràn ti wọ̀ ọ́. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́ dànù, kí ẹ jẹ ìyókù. Má gbin ẹyọ kan. Má fún ẹnikẹ́ni." Mo ní mo ti gbọ́. Omi bọ́ lójú yín, mo rí i. Ìyá tèmi nìkan kọ́.

Ẹ padà sí Àkúrẹ́, mo sì gbìn ín.

Ṣé kí n jẹ iṣu Ìyá mi tán ni? Kí àjogúnbá obìnrin náà wá pin sínú ìkòkò ọbẹ̀? Mo sọ fún ara mi pé ìwé ti pọ̀ jù lágbárí Bọ̀ọ̀dá. Kò tán síbẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni mo gbé ìyàwó láti Ìjù, nítòsí Àkúrẹ́, ẹ sì mọ̀ pé àna tó mọyì ara rẹ̀ kì í lọ kí bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ òfo nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè. Èbù Ìyá wa ni mo dì lọ, ogójì, mo ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ìjù gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n súre fún mi, wọ́n sì pín nínú rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

Lọ́dún kejì, iṣu tí wọ́n ń pè ní usu ní Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹ̀yin náà ni ẹ ń lọ gbé erùpẹ̀ níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí yín. Wọ́n wá pè yín sí ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ bàbá ìyàwó mi ni mo jókòó sí. Bàbá dìde, wọ́n ní, "Kí Dókítà Aràn tó máa fi irin gún ilẹ̀ wa, usu wa ń ta dáadáa. Òun ló kó aràn wá." Ẹ ṣàlàyé pé ẹ ń fọ irin yín, pé ẹ ń fọ bàtà yín. Ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n ní kí ẹsẹ̀ yín má tẹ oko àwọn mọ́. Ẹ wò yíká, ojú yín dé ọ̀dọ̀ mi. Mo wo ilẹ̀. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní ìparun ni àna gbé wá fún àwọn. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ẹ sì jáde.

Nínú ọkọ̀, ẹ bi mí, "Sọlá, níbo ni bàbá ìyàwó rẹ ti rí èbù èṣí?"

Mo ní, "Ọjà ni, Bọ̀ọ̀dá."

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí á wọ Àkúrẹ́, ẹ dúró ra àgbàdo sísun, ẹ fún mi ní èyí tó tóbi. Ẹ ní, "Ó dáa." Ẹ kò bi mí mọ́ láéláé.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí ẹ fi gbé ìkòkò ńlá kan wá sílé mi ní Oǹdó, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe gbóná tó. Ẹ kọ́ ìyàwó mi bí wọ́n ṣe ń ri èbù sínú omi gbígbóná tí kò hó, bí wọ́n ṣe ń wo aago, bí wọ́n ṣe ń sá a sábẹ́ ibòòji. Ẹ ní kí ó máa lọ kọ́ wọn ní Ìjù, kí ó sì sọ fún wọn kí wọ́n gbin nǹkan mìíràn sórí ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀. "Má dárúkọ mi o," ẹ ní, "tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ mi, wọn ò ní ṣe é." Ó kọ́ wọn, wọ́n ṣe é, iṣu wọn sì bọ̀ sípò. Títí di òní, wọ́n á ní ọmọ àwọn ló tún ohun tí Dókítà Aràn bàjẹ́ ṣe. Mo ti gbọ́ ọ ní ìsọmọlórúkọ, mo ti gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, mo sì ń jẹun lọ.

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀ ní Àkúrẹ́, ọ̀sẹ̀ kan kò lọ kí n má wá. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń bọ̀, mo ń sọ ọ́ fún ara mi lójú ọ̀nà pé òní ni n ó jẹ́wọ́. Tí mo bá ti rí yín lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ òjò ni mo máa ń sọ. Ẹ ó sì máa wo ẹnu mi. Áà, Bọ̀ọ̀dá, ẹ mú sùúrù fún mi jù! Ìgbà tí mo ní ọjọ́ Jímọ̀ ni n ó wá, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni ẹ lọ.

Mo ti sọ fún ìyàwó mi kí n tó kọ èyí, torí pé òun náà kò mọ̀ pé ẹ ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Bàbá mi ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú o. Wọ́n á ka ìwé yìí." Mo ní ohun tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Bàbá Ìjù, ẹ̀yin àna mi, àti gbogbo ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìjù tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín: irin Dókítà kọ́, bàtà Dókítà kọ́. Èbù tí mo gbé wá fún yín ni. Dókítà ní kí n má fún ẹnikẹ́ni, mo fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, wọ́n jẹ́ kí ẹ lé àwọn, kí ilé mi lè dúró. Ìkòkò omi gbígbóná yẹn, àwọn ló gbé e wá. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi nìyí, n kò ní sá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bu erùpẹ̀ lé wọn lórí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọn kò jẹ̀bi.

Ẹ sùn re o, Bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ni mo ṣe é.