Ṣ Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Phebe Ògúnlẹ́yẹ, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Ọmọ Iléṣà ni. Òun ló ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ kan ní Òkè-Fìà rà lọ́dún 1976, èyí tó ń ka orúkọ lára káàdì oníhò, páálí tí wọ́n fi ihò lu lẹ́tà sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Baba Ọ̀ṣuntókun, aṣọ́gbà iléeṣẹ́ náà, mú lẹ́tà tí iléeṣẹ́ kọ sí i wá bá Phebe. Ẹ̀rọ ti fi orúkọ àwọn tó ń gbé ilé iléeṣẹ́ wé orúkọ òṣìṣẹ́, ó ní òṣìṣẹ́ kankan kò jẹ́ Ọ̀ṣuntókun. Kí baba kó jáde kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

"Ọmọ mi, ta ló ṣí géètì fún ẹ láàárọ̀ yìí?" ni baba bi í.

Inú bí Phebe dé góńgó. Ó ń bínú sí ọ̀gá rẹ̀, Ọlágòkè, tó fọwọ́ sí lẹ́tà láìbéèrè. Ó sì ń bínú sí ara rẹ̀, torí òun ló kọ àṣẹ náà. Ó fa káàdì òṣìṣẹ́ baba yọ. Akọ̀wé àtijọ́ ti kọ ọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń kọ ọ́, S àti H. Àwọn tó kọ ìwé ilé fi àmì sábẹ́ S, ẹ̀rọ kò sì ní àmì abẹ́, ó sọ ọ́ di S lásán. Àṣẹ Phebe ní kí lẹ́tà bá lẹ́tà mu láìyẹ̀.

Ó tún àṣẹ náà kọ: bí H bá tẹ̀lé S, kí ẹ̀rọ fò ó. Síbẹ̀, kò bá a mu. Ó gbé káàdì sójú fèrèsé, ó rí àlàfo láàrin OSHUN àti TOKUN.

"Ẹ̀yin tí ẹ lu káàdì yìí, Ọlọ́run á bi yín."

Ó ní kí ẹ̀rọ fo àlàfo náà. Orúkọ baba yọ, àwọn mẹ́tàdínlógún mìíràn sì tẹ̀lé e, gbogbo wọn ló ní Ṣ lórúkọ. Wọ́n ti fi irú lẹ́tà yìí lé mẹ́sàn-án nínú wọn jáde tẹ́lẹ̀.

"Baba géètì nìkan ni kí o tún ṣe," ni Ọlágòkè wí. "Ta ni yóò sọ fáwọn yòókù pé a ṣì í?"

"Èmi tí mo ṣì í ni, sà."

Phebe lẹ orúkọ wọn mọ́ ògiri ẹnu géètì, ó kọ ọ́ sábẹ́ pé òun ló ṣì í, ó sì fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, Cecilia Oyèṣọlá, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n lé, ka orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹlòmíràn ti ń gbé ilé mi," ló wí. "Ṣé ẹ̀rọ yín mọ bí a ṣe ń lé òun náà?"