A Pín Kọ̀ǹpútà Akọ̀wé Bí Ẹran Iléyá

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé ọkọ fún yín. Mi ò kàwé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ má bi mí ní ọdún tó jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó di ọdún kẹta tí wọ́n ti fagi lé ìbò tí gbogbo wa tò sínú oòrùn dì, ọdún náà sì ni kànga ilé wa ní Ìgándò gbẹ, tí à ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà.

Ata ni mo ń fi ẹ̀rọ lọ̀ jẹun nígbà yẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi tó kéré jù ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ pé òun ló fún un lóúnjẹ àárọ̀. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, torí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ṣe ìdánwò yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, kò rọ́nà wọlé. Ló bá ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù sí Ẹgbẹ́dá, kí àwọn ọmọ iléèwé máa wá sanwó, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa sáré mọ́tò nínú kọ̀ǹpútà.

Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ní bí ọjọ́ tí àwọn ọmọ máa gba họlidé ńlá bá kọjá tí kò tíì ṣí i, bábà tó ń gẹrun kan wà tó ń dúró, òun máa gbé e fún un. Bí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá sì bọ́, ẹ̀yìn odi Ọ̀yọ́ ló kù fún Akọ̀wé, kó lọ máa bá wọn ro ẹ̀gẹ́.

Odindi kọ̀ǹpútà tó lè gbé géèmù ju agbára wa lọ. Akọ̀wé ní kí a rà á ní pẹ́ẹ́sì-pẹ́ẹ́sì, oníkọ̀ǹpútà kan wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù Pleasure tó máa tò ó pọ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Lókè pátápátá ló kọ bọ́ọ̀dù sí, ìyẹn pátákó tí gbogbo nǹkan ń kàn mọ́, ọpọlọ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mẹ́mọ́rì, lẹ́yìn náà káàdì tó ń gbé àwòrán. Kéèsì, àpótí tí wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, ló kọ sí ìsàlẹ̀.

Ẹbí dé, wọ́n pé sí pálọ̀ wa láti dáwó. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá, tí wọ́n jẹ́ àgbà ilé, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkejà. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ọ́fíìsì wọn tí ẹnì kan ṣoṣo ń fọwọ́ kàn, abẹ́ aṣọ ló máa ń wà tọ̀sán-tòru. Aṣọ yẹn ni Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá wò títí tí wọ́n fi di ọ̀gá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n yí i sókè-sódò. “Èwo lèèyàn máa kọ́kọ́ rí tó bá wọlé?”

Akọ̀wé ní mọnítọ̀ ni, àti kéèsì.

“Èmi ni mo ra ìyẹn. Mọnítọ̀ fífẹ̀ ni o, kéèsì náà gbọ́dọ̀ ga.”

Àbúrò wọn obìnrin, tí èmi ń pè ní Ìbàdí-Àrán, ní èyí tó bá ń pariwo ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun. “Kí wọ́n máa gbọ́ ọ dé Ìkòtún.” Bàbá àwọn ọmọ mi mú sìtabiláísà. Torí kí ni? Torí pé ó wúwo.

Ṣé ẹ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Ẹran Iléyá ni wọ́n ń pín. Àgbà mú itan, ẹni tó tẹ̀ lé e mú apá, nígbà tó kan Akọ̀wé, ìfun ló kù nílẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ìfun. Bẹ́ẹ̀, nínú kọ̀ǹpútà, ṣebí ìfun gan-an ni ẹran?

Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí mo ti ń gbé omi fún wọn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkọ mi, kí ni ẹ fẹ́ kó lọ̀?”

Ìbàdí-Àrán rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ata kọ́ o jàre. Kọ̀ǹpútà ni.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo padà sí kíṣìnnì. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ ata rí mọ ohun tí mò ń sọ. Iṣẹ́ ni èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Bí o bá gbé orí ẹ̀rọ ńlá lé ẹ́ńjìnnì kékeré, èéfín lo máa rí, o ò ní rí ata.

Akọ̀wé fi ìwọ̀nba tó kù ra bọ́ọ̀dù kan tó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n tò ó, wọ́n gbé e wá sílé, gbogbo ẹbí pé jọ. Kéèsì náà ga dé ìbàdí mi. Mo yọjú wonú rẹ̀, àfi bíi pálọ̀ olówó tí kò ní àga. Wọ́n tan eré mọ́tò. Ẹ̀rọ ohùn Ìbàdí-Àrán bú ramúramù, fèrèsé ń gbọ̀n. Mọ́tò tó wà nínú mọnítọ̀ ńkọ́? Ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó dúró. Ó tún gbé èkejì, ó tún dúró, bí arúgbó tó ń gun òkè.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá ní iná ló fà á. Sìtabiláísà wúwo níbẹ̀, iná ò sì mì. Ìgbà tí wọ́n rò ó títí, wọ́n ní Akọ̀wé ni kò mọ̀ ọ́n lò. Wọ́n wọ bàtà wọn, ó di ilé.

Họlidé ku ọ̀sẹ̀ méjì. Akọ̀wé jókòó ti nǹkan gíga yẹn, kò jẹun.

Mo ní, “Akọ̀wé mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbé e padà sí Pleasure.”

“Ìyàwó wa, Ẹ̀gbọ́n máa pa mí.”

“Ẹ ní èmi ni. Èmi ni mo wá bá yín nílé, èmi náà ni kí wọ́n bínú sí.”

Mo bi oníkọ̀ǹpútà ní ìbéèrè tí mo bi wọ́n nílé: iṣẹ́ wo ni ẹ̀rọ yìí wà fún? Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi òun nìyẹn. Ó gba mọnítọ̀ fífẹ̀, ẹ̀rọ ohùn àti kéèsì, ó fún wa ní mọnítọ̀ kékeré àlòkù kan, bọ́ọ̀dù tó dára, ọpọlọ tó bá a mu, mẹ́mọ́rì àti káàdì àwòrán. Ó ní kéèsì yẹn máa tètè tà, àwọn ọ́fíìsì tó máa ń fi aṣọ bò ó ló ń wá irú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín fẹ̀yìn balẹ̀ níbẹ̀.

Kò sí kéèsì mọ́ o. Ó kan gbogbo rẹ̀ mọ́ pákó kan, èmi sì fi nẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn bò ó kí ọwọ́ ọmọdé má dé ibẹ̀. Ó burẹ́wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tan eré mọ́tò, mo mú ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, mo rò pé ó máa gbá mi.

Ọjọ́ tí wọ́n gba họlidé ni Akọ̀wé ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ tò dé ojú títì. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá dé, wọ́n gba àárín àwọn ọmọ yẹn kọjá bíi pé kò séèyàn níbẹ̀.

“Mọnítọ̀ mi dà?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú, èmi ni mo ní kí a fi ṣe pààrọ̀.

“Ìwọ, aláta?” Wọ́n wo pákó náà títí. “Níbo ni kí n wá nàka sí báyìí pé owó mi nìyí?”

Wọ́n bá tiwọn lọ. Láti ọdún yẹn, bí Iléyá bá dé, ìfun ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí kíṣìnnì mi. Mo fọ̀ ọ́, mo sè é, mo jẹ ẹ́. Akọ̀wé ò sì padà sí Ọ̀yọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fúnni ní nǹkan, ojú ayé ló ń rà, kì í ṣe nǹkan yẹn. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ló ti bá yín yan nǹkan tí kò mọ̀ lò rí? Ẹ sọ tiyín, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe ilé ọkọ mi nìkan.

Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi dàgbà, wọ́n dáwó láti ra ẹ́ńjìnnì tuntun fún mi. Àkọ́bí ní pupa ni òun fẹ́, èkejì ní èyí tó ń dán. Mo ní kí wọ́n kó owó wá, wọ́n ṣeun, àmọ́ ẹni tó máa lọ ata ló máa yan ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá sì ń wá ibi tí owó wọn wọlé sí, kí wọ́n tọ́ ata wò.