Kíka Ọmọ Adìẹ Ojú Ọ̀run

Ní ọdún tí wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì tún Onítṣà kọ́, eruku funfun kì í kúrò lójú ọ̀nà wa. Ogun ti parí, owó epo ti dé, àwọn ilé tí ọta ìbọn ti lu ń gba ògiri tuntun, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sọdá afárá Odò Ọya láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà. Físíìsì ni mo kọ́, wọ́n sì ti gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní òkè òkun láti lọ ṣe ìwádìí lórí ìràwọ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kì í ṣe pé ìdùnnú ṣáájú kí ẹ̀rù tó tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú mi ni, bí ayálégbé méjì nínú yàrá kan.

Ohun tó kù kí n tó lọ ni àdúrà ìyá mi. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ rin ìrìn àjò jíjìn gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá wa gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo mọ̀ pé èèyàn lè wọ bàálù láìgba àdúrà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Láìsí ọwọ́ yẹn, n kò ní lè sùn lọ́hùn-ún. Gbogbo ìṣòro tó bá dé ni màá máa sọ pé tìtorí rẹ̀ ni.

Aṣọ ni àwọn òbí mi ń tà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Onítṣà ni wọ́n bí mi sí, èdè Ìgbò sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí bàbá mi kírun iṣáì tán, iná mànàmáná lọ. Afẹ́fẹ́ ti gbá eruku ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run. A gbé àga sí àgbàlá, ojú ọ̀run sì sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé bí mo bá mí sókè, yóò mì. Mo wo ìhà gúúsù, lókè òrùlé àwọn ará Obosi, ìlú tó múlé tì wá. Mo mọ̀ pé ìkùukùu kéékèèké méjì wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ìkùukùu rárá, bí kò ṣe ìlú ìràwọ̀ kékeré méjì tó ń yí ìlú ìràwọ̀ tiwa ká, bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń yí ọ̀gá ká. N kò rí wọn nítorí kùrukùru tó máa ń bo ìsàlẹ̀ ọ̀run lọ́nà ibẹ̀. Síbẹ̀, mímọ̀ pé wọ́n wà dùn mọ́ mi bí ẹni ń gbọ́ ohùn ará ilé nínú yàrá kejì.

Ìyàwó onílé wa, ọmọ Obosi, jókòó tì wá. Ó pè mí ní ọmọ rẹ̀ ní Ìgbò, ó sì fi Píjìn bi mí pé, "Nwa m, na star you wan go learn? Onitsha no get im own?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ti Onítṣà kò dára tó ni. Tòyìnbó ni wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì."

Mo nàka sókè sí ìdì ìràwọ̀ kan tó ń tàn fírífírí. Ìyá mi ní, "Ìyá adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń pè é."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá, iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ mọ iye ọmọ tó ní." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta... Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kàn ń kọjá lọ níwájú wọn, wọn kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Àwọn kan sì ti kú. Àwọn òkú yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bí ìràwọ̀ bá jó tí epo rẹ̀ tán, á fún ara rẹ̀ pọ̀, á kéré, ṣíbí kan nínú rẹ̀ á wúwo tó ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn kì í hàn dáadáa, nítorí náà èèyàn máa ń fò wọ́n. Èmi ni màá kà wọ́n mọ́ àwọn tó kù."

Ìyá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Sọ ọwọ́ kalẹ̀." Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ wọlé.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dárúkọ ìrìn àjò, aṣọ ló máa ń gbọ̀n. Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ń sún mọ́lé, kò sì sọ̀rọ̀ àdúrà.

Bàbá mi ló là mí lóye ní ṣọ́ọ̀bù. "Ta ló kọ́ ọ kí o máa ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Bàbá, ìràwọ̀ ni mo kà."

"Ìyá adìẹ ni ìyá rẹ pè é. O ní ó lọ́mọ, o kà wọ́n sí i létí, o ní àwọn kan ti kú níbẹ̀. Kí lo rò pé ó gbọ́?"

Ìgbà náà ni mo rántí àbúrò mi. Nígbà tí ogun dé tí a sá sọdá afárá, ẹ̀yìn ìyá mi ló wà. Àìsàn mú un lójú ọ̀nà, ìgbà tí a fi máa dé Ìsẹ́yìn, ó ti kú. Kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ rẹ̀ nílé wa. Mo mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lásán ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ pé fún ìyá mi, ilẹ̀kùn kan ni, tó ń rọra tì lójoojúmọ́. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi díẹ̀ sí àwọn ìràwọ̀ pé wọ́n dára tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá a nídìí igbá aṣọ. "Mama, ndo," ni mo fi Ìgbò bẹ̀ ẹ́.

"Yorùbá ni kí o fi bẹ̀ mí."

"Ẹ má bínú, Màmá. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá iṣẹ́ mìíràn, màá wá a." Òótọ́ ni mo sọ, àyà mi sì ń já pé ó lè gbà.

Ó ká aṣọ kan tán kó tó sọ̀rọ̀. "Èyí tó kú yẹn, ṣé ó já bọ́ ni?"

"Rárá, Màmá. Ó ṣì wà láàrin àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn jọ ń tọ̀. Ìyẹn la fi ń mọ̀ pé ọmọ ilé ni."

"Ṣé ó ṣì ń tàn?"

"Díẹ̀. Kò lépo mọ́, ṣùgbọ́n ooru ara rẹ̀ kì í tètè tán. Láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀, kò tíì sí èyí tó tutù tán."

Ó wo ojú ọ̀nà. Mọ́tò sìmẹ́ńtì kan kọjá, eruku rẹ̀ sì rọra balẹ̀ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.

"Má ka ìkankan níwájú mi mọ́."

"N kò ní kà á, Màmá."

"Ṣùgbọ́n tí o bá dé ọ̀hún, má fò ó."

Oníbàárà kan wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ná ọjà ní Ìgbò, bí ẹni pé a kò sọ nǹkan kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná lórí mi. Ó ṣàdúrà fún wa bó ṣe máa ń ṣe, ó ń pe orúkọ wa láti orí àkọ́bí. Ó pe tèmi. Lẹ́yìn tèmi, mo gbọ́ tí ó mí. Ó wá pe orúkọ kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ogun, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó tó pe èyí tó bí lẹ́yìn ogun. Bàbá mi, tó gbé báàgì mi dání lẹ́nu ọ̀nà, ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi gbé ọwọ́ kúrò lórí mi, ó ní kí n dìde, kí mọ́tò má lọọ fi mí sílẹ̀.