Àwọ̀ Tí Mo Rí Lára Ògiri Bàsílà

Àkùkọ kò tíì kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo fi gbé igbá mi karí. Ìyá mi kò sùn. Ó jókòó sí ìdí igi irúgbá níwájú ilé, níbi tí ó ń sùn láti ìgbà tí àbúrò mi, Àṣàbí, ti kú. Mo ní mò ń lọ. Ó ní kí n lọ re, kí n bọ̀ re, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

Iṣẹ́ ògiri ni iṣẹ́ mi. Ní Manígìrì, bí obìnrin bá rẹ́ ilé rẹ̀ tán, èmi ni yóò pè kí n fi àwọ̀ sí i. Mẹ́ta ni mo mọ̀: ẹfun fún funfun, èédú fún dúdú, amọ̀ odò fún pupa. Ilé ìyá mi ni mo kùn dára jù, pupa fòò, tí mo fi ìka tẹ àmì funfun kéékèèké sí káàkiri. Mo máa ń fi ṣe fáàrí. Nígbà tí àrùn tí a ń pè ní Ilẹ̀ Gbígbóná wọlé tọ̀ wá, ara Àṣàbí rí bí ògiri náà gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti gbé e jáde ni ìyá mi kò ti wọ ilé mọ́. Ó ní ara ọmọ òun ni òun ń rí. Mo pa àwọn àmì náà rẹ́, ó ní pupa ṣì kù. Mo fi ẹfun bò ó, ó ní aṣọ òkú ni. Ti dúdú, kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni arúgbó tí ó bá gba òjò ọdún kan sára lábẹ́ igi kì í sábà rí èkejì.

Ìyá Oníṣu, aládùúgbò wa, tí ń ru iṣu lọ tà ní Bàsílà, ló sọ fún mi pé ògiri ibẹ̀ ní àwọ̀ tí kò sí nílé wa. Èyí ni mo fi tẹ̀ lé e.

Ojú ọ̀nà náà kò ṣòro, ṣùgbọ́n kò dùn-ún rìn. Iná ti jó koríko tán lọ́tùn-ún lósì, eérú sì ń bò wá lẹ́sẹ̀. Odò kéékèèké méjì tí a gbà kọjá ti gbẹ di ẹrẹ̀. Àwọn Haúsá tí ń ru obì bọ̀ láti Gònjà pàdé wa, wọ́n kí wa ní "sánnù", a dá wọn lóhùn, kò sí ẹni tí ó dúró. Mo ra wàrà lọ́wọ́ Fúlàní kan ní ogójì owó ẹyọ, ìyẹn okùn kan gbáko. Nílé, okùn kan á ra méjì. Oòrùn ti yẹ àtàrí kí a tó wọ ìlú.

Ilé obìnrin kan tí ń jẹ́ Amínà ni a dé sí. Ọmọ Bàsílà ni, ṣùgbọ́n ará Manígìrì ni ìyá tí ó bí i, nítorí náà ó gbọ́ èdè wa. Ó fún wa ní iṣu àti omi, ó sì pẹ́ kí ó tó rẹ́rìn-ín sí wa.

Lọ́jọ́ kejì mo jáde lọ wo àwọ̀. Sóńgò ni mo kọ́kọ́ dé, ìyẹn àdúgbò àwọn àlejò oníṣòwò. Ọkùnrin ni mo bá nídìí aró níbẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgbònwọ́. Nílé wa, ọkùnrin tí ó bá fọwọ́ kan ìkòkò aró, wọ́n á bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ẹni bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà rẹ ní pupa, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tútù. Mo yára kúrò nídìí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i. Ilé kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ògiri rẹ̀ kò funfun, kò pupa, kò dúdú. Ó rí bí ìyẹ́ àdàbà. Ojú mi balẹ̀ lórí rẹ̀. Bí mo ti ń lọ, mo rí òmíràn, mo rí òmíràn sí i. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n bí ọmọdé tí ń ka ẹyẹ, mo sì ti ka mọ́kàndínlógún kí ebi tó lé mi padà.

Mo ròyìn fún Amínà pé ẹni tí ó kun àwọn ilé náà mọ iṣẹ́. Mo bi í ta ni.

Ó ní, "Èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe nítorí ẹwà. Ilé tí Ilẹ̀ Gbígbóná bá ti mú ènìyàn lọ ní àdúgbò wa ni à ń kùn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù gbọ́dọ̀ rí ibi sùn."

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ fún mi. Àwọ̀ kan náà ni. Ó ní ọkọ òun ni àrùn náà mú lọ, àti ọmọ méjì. Ojú tì mí dé ibi tí n kò lè gbójú sókè. Òkú onílé ni mo ti ń fi ṣeré láti àárọ̀.

Ó kọ́ mi bí a ti ń ṣe é: eérú tí a kù, amọ̀ tí a wà nísàlẹ̀ odò, ìgbẹ́ màlúù díẹ̀, lẹ́yìn náà omi èèpo irúgbá lẹ́ẹ̀mẹta kí òjò má baà fọ̀ ọ́. Ó di amọ̀ náà fún mi. Mo na owó sí i, ó ní wọn kì í tà á.

Mo ru ú padà sílé lọ́jọ́ kẹta. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń ro irọ́ tí n ó pa fún ìyá mi, nítorí ta ni yóò gbé àwọ̀ ọ̀fọ̀ ìlú mìíràn wá fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀? Ọjọ́ méjì ni mo fi kun ilé náà. Ìyá mi kọ ẹ̀yìn sí mi títí mo fi ṣe tán.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni òjò ṣú. Ìyá mi yí ojú padà, ó wo ògiri pẹ́. Ó ní, "Níbo lo ti rí i?"

Irọ́ náà kò jáde lẹ́nu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Amínà, ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ méjèèjì, àti ilé mọ́kàndínlógún tí mo kà.

Ó ní, "Mọ́kàndínlógún?"

Mo ní n kò tíì rìn dé ìdajì ìlú.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìyá mi ní, "Mo ti rò pé àwa nìkan ni." Ó di ọwọ́ mi mú, ó dìde, ó ní kí n bá òun ká ẹní òun. Ẹkún ni mo fi gbé e tẹ̀ lé e wọlé.